Béèrè Orúkọ Kí O Tó Béèrè Àìsàn: Ohun Tí Síkánà Fi Ojú Mi Rí

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń bá ọkọ̀ kan jà. Bí gíà rẹ̀ bá ti ń bọ́ láti ìkejì sí ìkẹta, á já gììrì bí ẹni tí wọ́n tì látẹ̀yìn. Nígbà mìíràn á kọ̀ jálẹ̀, kò ní kọjá ìkẹta mọ́. Mo so síkánà, ẹ̀rọ tí à ń fi bá kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ sọ̀rọ̀, mọ́ ọn, mo ka kóòdù, ìyẹn àmì àṣìṣe tí ọkọ̀ fi pamọ́, mo pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ tí kóòdù náà tọ́ka sí. Mo dà ọ́ìlì gíà nù, mo rọ tuntun sí i. Mo tú wáyà wò láti orí dé ìdí. Bí mo bá pa kóòdù rẹ́, ọkọ̀ á sáré dáadáa fún ìrọ̀lẹ́ kan, tí ilẹ̀ bá mọ́, ó ti padà sí ìwà rẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ ò bínú sí mi, ó kàn ń wò mí ni, èyí sì dùn mí ju ìbínú lọ.

Ọ̀gá tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló yà kí mi ní ọjọ́ kan. Kò fọwọ́ kan ọkọ̀. Ó wo síkánà tó wà lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí?"

Mo ní, "Ọpọlọ gíà ni, sà," ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí gíà.

"Gíà ta ni?"

Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni. Mo ní gíà ọkọ̀ yìí náà ni. Ó gba síkánà lọ́wọ́ mi, kò tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ kóòdù. Ibì kan tí mo ti ń fò kọjá láti ọjọ́ tí mo ti ní irinṣẹ́ náà ló tẹ̀, ibi tí wọ́n kọ ECU Information sí, ìyẹn ìwífún nípa ọpọlọ kọ̀ọ̀kan. Ó wọ inú ọpọlọ ẹ́ńjìnnì, ó ka nọ́ńbà ṣásí tó wà níbẹ̀ sókè, ó ní kí n lọ wo èyí tó wà lábẹ́ wíńsíkíríìnì. Ó bára mu. Ó wọ inú ọpọlọ gíà, ó tún kà. Lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́rin àkọ́kọ́ bára mu, ó dé ìkarùn-ún, ọ̀nà pín. Inú ọkọ̀ mìíràn pátápátá ni wọ́n ti tú ọpọlọ yẹn wá.

Lẹ́yìn náà ló fi ìyókù hàn mí. Nọ́ńbà hardware rẹ̀ bá ti ọkọ̀ yìí mu, ìdí nìyẹn tí púlọ́ọ̀gì fi wọlé wẹ́rẹ́ tí ọkọ̀ sì ń rìn. Nọ́ńbà software ló yàtọ̀: ti irú ọkọ̀ kan náà ni, àmọ́ èyí tó ní ẹ́ńjìnnì kékeré. Ọpọlọ gíà yẹn ń ṣírò agbára ẹ́ńjìnnì tí kò sí nínú ọkọ̀, ó ń fún gíà mọ́ra nígbà tí kò yẹ, nígbà tí ìṣírò rẹ̀ kò sì jọ ohun tí sẹ́ńsọ̀ ń sọ fún un, ó fi ẹ̀sùn kan sẹ́ńsọ̀. Èmi náà gbà á gbọ́. Nígbà tí a pe ẹni tó ni ọkọ̀, ó ní lóòótọ́, ẹni tó tà á fún òun sọ pé wọ́n "ti tún gíà ṣe rí."

A kọ software tó yẹ sínú rẹ̀, a kọ nọ́ńbà ṣásí ọkọ̀ náà sí i, a jẹ́ kí gíà tún ìrìn rẹ̀ kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìjágììrì dópin. Sẹ́ńsọ̀ tí mo yọ dànù wà nínú àpótí mi títí di òní. Kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn.

Ọkọ̀ òde òní kì í ṣe ọpọlọ kan ló ní. (Ọpọlọ ni mo wí o, mi ò pe ọ̀pọ̀lọ́ inú omi.) Ẹ́ńjìnnì ní tirẹ̀, gíà ní tirẹ̀, bíréèkì, airbag, sítíárìn, dáṣíbọ́ọ̀dù, iná àti ilẹ̀kùn, kálukú ló ní àpótí kékeré tó ń ronú fún un. Nínú ọkọ̀ kékeré mo lè bá mẹ́fà tàbí mẹ́jọ pàdé, nínú ọkọ̀ ọlọ́lá mo ti kà kọjá 40. Gbogbo wọn ló ń gbé ìwé ẹ̀rí ara wọn kiri: nọ́ńbà páàtì, nọ́ńbà hardware, nọ́ńbà software, nọ́ńbà tí wọ́n fi sí i láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, àti nọ́ńbà ṣásí ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ fi í sí. Àwọn mìíràn tún ń tọ́jú ọjọ́ tí wọ́n kọ software sínú wọn kẹ́yìn. Ohun tí kóòdù ń sọ ni pé níbi báyìí ló ti ń dùn mí. Ìwé ẹ̀rí ló ń sọ ẹni tó ń ké.

Ihò tí à ń ki síkánà bọ̀ ní ojú 16, ìsàlẹ̀ sítíárìn ló sábà máa ń wà. Ní Amẹ́ríkà, ó di dandan fún ọkọ̀ tí ọdún rẹ̀ jẹ́ 1996 sókè, ní Yúróòpù ó dé bá ọkọ̀ bẹntiróòlù ní 2001, ọkọ̀ dísẹ́lì sì tẹ̀lé e ní 2004. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kì í rántí ni pé òfin èéfín ló bí i. Ìjọba fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ̀ ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́, nítorí náà ohun tí òfin fi dandan lé ni ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì àti ohun tó bá kan èéfín. Òfin kò sọ pé kí ọpọlọ airbag dáhùn gbogbo ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn. Síkánà kékeré tí a ń so mọ́ fóònù lè ka nọ́ńbà ṣásí láti inú ọpọlọ ẹ́ńjìnnì, kí ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Ibi tí èdè tó gbọ́ mọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìbéèrè náà ṣe ń lọ, torí ọjọ́ tó yé mi ni ẹ̀rù síkánà kúrò lára mi. Ní ti ìbéèrè gbogbogbòò, síkánà á sọ 09 02, ìyẹn ni pé "fún mi ní nọ́ńbà ṣásí." Ọpọlọ á dáhùn pẹ̀lú 49 02. Ẹ wò ó: 09 di 49. Bí ọpọlọ bá gbà láti dáhùn, á fi 40 kún nọ́ńbà ìbéèrè, bí ẹni tó kọ́kọ́ tún orúkọ rẹ pè kó tó fèsì. Nọ́ńbà ṣásí jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, ìdì ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lórí wáyà CAN, èyí tí àwọn ọpọlọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kò sì gbà ju báìtì 8 lọ, nítorí náà ègé-ègé ló ń wá, síkánà ló ń tò wọ́n pọ̀. 09 04 ń béèrè orúkọ software, 09 06 ń béèrè àròpọ̀ tí ọpọlọ fúnra rẹ̀ ṣírò lórí software tó wà nínú rẹ̀. Èdè àwọn tó ṣe ọkọ̀ jinlẹ̀ ju èyí lọ: 22 F1 90 fún nọ́ńbà ṣásí, 22 F1 87 fún nọ́ńbà páàtì, 22 F1 8C fún nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọpọlọ náà fúnra rẹ̀. Ìdáhùn wọn á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 62.

Ìdáhùn kan wà tó ti kó mi sí wàhálà: 7F. Ìkọ̀sílẹ̀ ni. Bí ẹ bá rí 7F 22 31, ohun tó ń wí ni pé "mo gbọ́ ọ, àmọ́ ohun tí o béèrè kò sí lọ́wọ́ mi." Bí ó bá parí pẹ̀lú 33, ó ní, "o kò tíì gba àṣẹ." Síkánà olówó pọ́ọ́kú kì í fi èyí hàn, "No Data" lásán ló ń kọ. Mo rí "No Data" lọ́jọ́ kan, mo sọ fún ẹni tó ni ọkọ̀ pé ọpọlọ bíréèkì rẹ̀ ti kú. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tó ní síkánà tó gbọ́ èdè ọkọ̀ náà, ọpọlọ sì dáhùn gbogbo ìbéèrè láìsinmi. Ìtìjú ọjọ́ yẹn ṣì wà lára mi. Ẹni tó dá ọ lóhùn pé òun kò ní ṣáà ń mí.

Ibi tó tún ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tan èmi náà, ni bọ́tìnnì tí wọ́n kọ Auto VIN sí (VIN ni nọ́ńbà ṣásí). O tẹ̀ ẹ́, síkánà á béèrè nọ́ńbà ṣásí lọ́wọ́ ọpọlọ ẹ́ńjìnnì, á sì fi nọ́ńbà yẹn yan irú ọkọ̀, ọdún rẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ó dára, ó yá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọpọlọ ẹ́ńjìnnì ni wọ́n gbé wá láti inú ọkọ̀ mìíràn ńkọ́? Síkánà á yan ọkọ̀ tí kò sí níwájú rẹ, á máa túmọ̀ ohun tó ń kà bí ẹni tó ń fi ìwé atúmọ̀ èdè kan ka èdè mìíràn. Mo bá ọkọ̀ kan tí síkánà ní ọdún 2011 ni, tí òpó ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń sọ 2009. Nọ́ńbà tàbí lẹ́tà kẹwàá nínú nọ́ńbà ṣásí ló ń sọ ọdún ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀: 9 fún 2009, A fún 2010, B fún 2011. B ló wà nínú ọpọlọ, 9 ló wà lára irin. Nítorí náà irin ni mo kọ́kọ́ ń kà báyìí, tí mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, kí n tó jẹ́ kí síkánà lanu. Ohun kékeré kan tún máa ń ràn mí lọ́wọ́: kò sí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú nọ́ńbà ṣásí ojúlówó kankan. Bí mo bá kọ O sílẹ̀, òdo ni, èmi ni mo ṣìwé.

Bátìrì ńkọ́? Èyí ni mo sanwó rẹ̀ jù. Bátìrì tó kún tó sì ti sinmi máa ń wà ní nǹkan bí fólítì 12.6. Bí ó bá ti já sí 12, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tí ẹ bá wá tan kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnnì, tí gbogbo ọpọlọ jí lẹ́ẹ̀kan náà, á tún wálẹ̀ sí i. Ní àsìkò yẹn, ọpọlọ kan á dáhùn, èkejì á dákẹ́, ẹ̀kẹta á sọ pé òun kò gbọ́ ohùn ẹ̀kejì. Kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú U á kún ojú síkánà. U0100, kò gbọ́ ọpọlọ ẹ́ńjìnnì. U0121, kò gbọ́ ti bíréèkì. Mo ti rí mọ́kànlá nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo, mo gba agbára sí bátìrì fún wákàtí díẹ̀, mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kò sí ọ̀kan tó padà.

Èyí tó dùn mí ni ti ọjọ́ tí mo ń kọ software sínú ọpọlọ kan. Kíkà kì í pa ọpọlọ, kíkọ ló lè pa á. Mo gbójú lé bátìrì ọkọ̀ náà torí pé ó ta ẹ́ńjìnnì jí láàárọ̀. Iṣẹ́ dé bí ìdajì, iná wálẹ̀, ojú síkánà dúró gbagidi. Nígbà tí mo tún béèrè orúkọ ọpọlọ náà, ibi tí nọ́ńbà software yẹ kó wà ṣófo. Èmi ni mo ra òmíràn fún ẹni tó ni ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mi ò bá tíì so ẹ̀rọ tó ń gbé iná bátìrì dúró mọ́ ọn, mi ò ní tẹ ohunkóhun tó jọ "Program."

Bí iná bá pé, tí ọpọlọ kan ṣì dákẹ́, mi ò yára dá a lẹ́bi mọ́. Fíúsì rẹ̀ ni mo ń kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà wáyà tó so ó mọ́ ara ọkọ̀, torí ìpẹtà lábẹ́ síkúrù kan ṣoṣo ti tó láti pa á lẹ́nu mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ń yọ orí bátìrì, tí mo ń fi mítà wọn ohm, ìyẹn bí wáyà ṣe ń dènà iná tó, láàárín ojú 6 àti ojú 14 nínú ihò síkánà. Ojú méjèèjì ni CAN ń gbà jáde. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, 60 ohm ló yẹ kí n rí, nítorí ohun ìdènà iná méjì tó jẹ́ 120 ohm ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìkángun wáyà. Bí mo bá rí 120, ìkángun kan ti já. Bí mo bá rí òdo tàbí ohun tó sún mọ́ ọn, wáyà méjèèjì ti gbá ara wọn mú níbì kan. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni gbogbo èyí ń gbà, ó sì ti gbà mí lọ́wọ́ ríra ọpọlọ tí kò ṣàìsàn ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ.

Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù ló yẹ kó fẹ́ràn kí a máa ka inú gbogbo ọpọlọ báyìí jù. Dáṣíbọ́ọ̀dù nìkan kọ́ ló ń ka kìlómítà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ọpọlọ gíà tàbí ti bíréèkì ń tọ́jú tirẹ̀, tàbí kí ó kọ kìlómítà sára àṣìṣe kọ̀ọ̀kan tó bá fi pamọ́. Ẹni tó dín kìlómítà kù sábà máa ń ronú kan èyí tí ojú ń rí. Mo ka ọkọ̀ kan tí dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ sọ 84,000, ọpọlọ gíà sì fi àṣìṣe kan pamọ́ tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ wà ní 163,000. Àṣìṣe wo ló ṣẹlẹ̀ ní ọ̀la? Mo tún máa ń béèrè iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn látìgbà tí wọ́n pa kóòdù rẹ́ kẹ́yìn. Bí ó bá ní 3, tí àwọn àyẹ̀wò ara ẹni tí ọkọ̀ ń ṣe kò sì tíì parí ẹyọ kan, a jẹ́ pé àárọ̀ yìí ni wọ́n nu ojú rẹ̀ kí ó tó wá bá mi.

Ti 09 06 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, mi ò lò ó púpọ̀, àmọ́ ó ní ọjọ́ tirẹ̀. Bí orúkọ software ọkọ̀ méjì bá jẹ́ ọ̀kan náà tí àròpọ̀ wọn sì yàtọ̀, ẹnì kan ti fọwọ́ kan inú ọ̀kan nínú wọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tó fẹ́ kí ọkọ̀ sáré sí i, láìpààrọ̀ orúkọ tó wà lára àpò.

Kí n tó fọwọ́ kan ọkọ̀ kankan báyìí, mo máa ń ka gbogbo ọpọlọ, mo máa ń fi àkọsílẹ̀ náà pamọ́, mo sì máa ń ya fọ́tò ojú síkánà, torí pé síkánà tèmi ní ìwà kan, ó máa ń sọ àkọsílẹ̀ nù bí bátìrì tirẹ̀ bá kú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń rojú. Wọ́n ní iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo ń sọ di ogún. Bẹ́ẹ̀ ló rí, mi ò jiyàn.

Lọ́jọ́ kan màmá kan mú ọkọ̀ tó fẹ́ rà wá, ọkùnrin tó ń tà á sì tẹ̀lé e. Ọkọ̀ náà mọ́ tónítóní. Iná airbag tàn bí wọ́n ṣe tan kọ́kọ́rọ́, ó sì kú bó ṣe yẹ. Kò sí kóòdù kankan níbikíbi. Ọpọlọ 19 ló dáhùn, 18 nínú wọn gbé nọ́ńbà ṣásí kan náà. Ti airbag nìkan ló gbé òmíràn.

Màmá ní, "Ọmọ mi, kí ni nọ́ńbà yìí ń sọ?"

Mo ṣàlàyé pé ọpọlọ airbag ló ń ṣàkọsílẹ̀ bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, pé bí airbag bá ti tú, wọ́n sábà máa ń pààrọ̀ rẹ̀, àti pé èyí nìkan kò tíì fi hàn pé ọkọ̀ náà ní ìjàm̀bá, àmọ́ ó yẹ kí ẹnì kan lè sọ ìdí tí èyí fi wà níbẹ̀.

Ó yíjú sí ọkùnrin náà. "Ẹ gbọ́, bọ̀dá, níbo lẹ ti rí ti airbag yìí?"

Ọkùnrin náà ní òun máa lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fún òun. Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó wọnú ọkọ̀, ó tàn án, ó sì ń lọ. Síkánà mi ṣì wà nínú ihò lábẹ́ sítíárìn, wáyà rẹ̀ yọ jáde láàárín ilẹ̀kùn. Mo sáré títí mo fi gbá ojú fèrèsé rẹ̀ kó tó dúró.